Ta Ni Ààbọ̀ Ènìyàn?

Ẹni tó ni ìtàn yìí ló ní kí n kọ ọ́, kí ẹ̀yin òǹkàwé mi lè fi kọ́gbọ́n. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ mí fún, pé kí n má dárúkọ òun. Mo gbà fún un. Orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ni n ó máa pè é, nítorí orúkọ ọ̀hún gan-an ló kó o sí yọ́ọ́yọ́ọ́. Ìyá Dátà ni wọ́n ń pè é.

Kò tíì bímọ o. Ọmọge ni, ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó sì ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn. Ohùn rẹ̀ dùn, ara rẹ̀ yá mọ́ọ̀yàn, àwọn ọmọdé sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́ba. Bó bá ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà, kò sẹ́ni tí í sùn ní kíláàsì. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló ń sọ ọ́ di ojo, ẹ̀kọ́ dátà.

Ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Kí a bi ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìbéèrè kan, kí a kó ìdáhùn wọn jọ, kí a yà á sórí káàdìbọ́ọ̀dù, kí a wá wá àròpín rẹ̀. Ìyá Dátà mọ bí wọ́n ṣe ń rò ó pọ̀, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pín in. Ohun tí ìdáhùn náà túmọ̀ sí ni kò yé e.

Láti kékeré ló ti ń bá a bọ̀. Tíṣà rẹ̀ ìgbà náà ṣírò iye èèyàn tó ń gbé nílé kọ̀ọ̀kan, ó ní àròpín rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta ààbọ̀. Ọmọ náà nàwọ́ sókè, ó ní, "Tíṣà, ta ni ààbọ̀ èèyàn yẹn?" Tíṣà ní kó jókòó. Gbogbo kíláàsì fi í ṣẹ̀rín. Ó jókòó lóòótọ́, kò sì bi ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi dàgbà.

Báwo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe wá di Ìyá Dátà? Ẹnu ni. Ẹnu tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́.

Olùkọ́ wọn kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àgbà obìnrin tí gíláàsì rẹ̀ kì í kúrò ní ṣóńṣó imú. Màmá Onígíláàsì ni wọ́n ń pè é bí kò bá sí nítòsí. Lọ́jọ́ kan, ó pa ìwé dé, ó wò wọ́n yíká.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí mo bá ní kí ẹ lọ kọ́ àwọn ọmọdé ní dátà lọ́la, báwo ló ṣe máa rí lára yín?"

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Àwọn kan ń wo bàtà wọn. Ẹnì kan ń wá bírò tó wà lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló tan ọmọge yìí. Ó rí i pé bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ báyìí, onítọ̀hún ló máa gbayì. Ó dìde.

"Ní tèmi o, mà, kò bà mí lẹ́rù rárá. Eré ni dátà jẹ́ lójú mi."

Màmá Onígíláàsì fa gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó mà dára o. Ìgbà tí mo bá wá bẹ̀ ọ́ wò ní ilé ẹ̀kọ́ tí o ti ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, dátà ni wàá kọ́ níṣojú mi."

Kó tó jókòó, wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Dátà.

Ẹ̀rín ni fún àwọn yòókù. Kì í ṣe ẹ̀rín fún un. Olùbẹ̀wò mìíràn ti wá wò ó tẹ́lẹ̀ nídìí iṣẹ́ ìṣirò, ọ̀rọ̀ sì pòórá lẹ́nu rẹ̀ níwájú bọ́ọ̀dù. Máàkì mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló gbà, bẹ́ẹ̀ márùn-ún ni wọ́n fi ń yege. Bó bá tún já kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì yìí, yóò tún odindi ọdún náà kà, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì ti máa ṣiṣẹ́ olùkọ́.

Bí ìbẹ̀wò náà ṣe ń sún mọ́lé ni oúnjẹ ń sá lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, ọ̀kan tó rí tín-ínrín tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ń lọ bùláòsì rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó bi í léèrè.

"Ìyá Dátà, kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù gan-an? Ṣebí eré ni."

"Fi mí sílẹ̀ jàre. Iye èèyàn tó wà nílé kálukú ni mo fẹ́ fi kọ́ wọn. Bí àròpín rẹ̀ bá wá ní ààbọ̀ ńkọ́? Bí ọmọ kan bá bi mí pé ta ni ààbọ̀ èèyàn ńkọ́? Kí ni n ó sọ?"

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ayọ́ọ̀nù nàró. "Má wulẹ̀ jẹ́ kó ní ààbọ̀."

"Ṣé èmi ni mo bí àwọn ará ilé wọn ni?"

"Ìwọ lo máa pín wọn. Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì rẹ?"

"Ogún."

"Ó parí. Fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iye tó máa pè. Jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Pín in sí ogún, márùn-ún géérégé. Kò sí ààbọ̀, kò sí ìdá mẹ́rin, kò sí wàhálà."

"Irọ́ nìyẹn."

"Ta ni irọ́ yìí pa? Ṣé Màmá Onígíláàsì máa bá wọn délé lọ ka ará ilé wọn ni? Ṣebí gbogbo wa la mọ̀ pé eré ìtàgé la máa ń ṣe bí olùbẹ̀wò bá dé."

Ìyá Dátà ní òun kò lè ṣe irú ẹ̀. Ó sọ ọ́ tagbáratagbára. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tó ń fọ eyín, ó bá ara rẹ̀ tó ń pín ọgọ́rùn-ún sórí ìka. Bí ìdánwò ṣe ń wọlé nìyẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ máa lé e lẹ́nu ọ̀nà, kó gba ojú fèrèsé wọlé.

Nígbà tó dé kíláàsì, ìjókòó ló fi pín in. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ iwájú, ó ń lọ láti tábìlì dé tábìlì bí ẹni ń pín bisikíìtì. "Ìwọ, mẹ́rin lo máa pè. Ìwọ, méje. Ìwọ, márùn-ún." Inú àwọn ọmọ dùn. Wọ́n rò pé eré tuntun ni.

Ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé nìkan ló janpata. Mẹ́ta ló kàn án.

"Àǹtí, mẹ́ta ti kéré jù. Ẹ fún mi ní mẹ́sàn-án."

"Mẹ́ta lo máa pè."

"Ẹ fi ẹyọ kan lé e."

"Mẹ́ta ni mo wí."

Ó ṣu ẹnu jọ. Lẹ́yìn pátápátá, ọmọbìnrin kan tó gba mẹ́jọ yọ ahọ́n sí i. Àǹtí wa kò fọkàn sí i.

Ọmọbìnrin mìíràn wà níwájú, oníwà jẹ́jẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ tóbi ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, tí wọn kì í gbọ́ ohùn rẹ̀. Mẹ́fà ló kàn án. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí àwọn yòókù ń sáré kiri lásìkò ìsinmi, ó jókòó sí àtẹ̀gùn, ó ń ka mẹ́fà náà lórí ìka, ẹnu rẹ̀ ń mì.

Àǹtí wa rà káàdìbọ́ọ̀dù ńlá. Ó gé pépà aláwọ̀ mèremère sí ègékègé, ègé kan fún èèyàn kan, ó tò wọ́n lé ara wọn kí ilé kọ̀ọ̀kan ní òpó tirẹ̀. Ogún òpó, gbogbo rẹ̀ tò rẹ́gí. Ó rẹwà débi pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kò mọ ìgbà tó pàtẹ́wọ́.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ mú Màmá Onígíláàsì wá sí kíláàsì, ó ní, "Ẹ máa rí iṣẹ́ lónìí, mà." Àga kan ṣoṣo ló ṣófo, ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọbìnrin tó ní mẹ́jọ. Ibẹ̀ ni màmá jókòó sí.

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó sì ń lọ wẹ́rẹ́.

"Èèyàn mélòó ló wà nílé yín?"

"Mẹ́rin, mà." Ó kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù.

"Méje, mà." Ó kọ ọ́.

Ó kan ọmọbìnrin oníwà jẹ́jẹ́. Ó dìde dúró, ó ní, "Mẹ́fà." Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé àwọn ọmọ yíjú wò ó. Ó kan ọmọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Mẹ́ta," ló wí, bí ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ. Ó kan ti ẹ̀yìn. "Mẹ́jọ, mà," ló wí tìgboyàtìgboyà.

Wọ́n rò ó pọ̀, ó di ọgọ́rùn-ún. Wọ́n pín in, ó di márùn-ún. Àǹtí wa ṣí aṣọ tó fi bo káàdìbọ́ọ̀dù, kíláàsì sì hó yèè. Ayọ̀ gbé e. Ó rí ara rẹ̀ tó ń gba máàkì mẹ́sàn-án.

Màmá Onígíláàsì nàwọ́ sókè bí ọmọ kíláàsì.

"Àǹtí, mo ní ìbéèrè. Ìsinsìnyí lẹ bi wọ́n. Ìgbà wo ni káàdìbọ́ọ̀dù yín ti gbọ́ ìdáhùn wọn tó fi ti yà á sílẹ̀?"

Màmá kò dúró gbọ́ èsì. Ó yíjú sí ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ àti ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé yẹn kọ́ lẹ jọ ń fa báàgì mọ́ra yín lọ́wọ́ ní géètì nígbà tí mò ń wọlé?"

"Àwa ni, mà. Ìbejì ni wá."

Àǹtí wa mọ̀ pé ìbejì ni wọ́n. Ta ni kò mọ̀? Tíṣà tó ni kíláàsì ló yà wọ́n nípa nítorí ariwo wọn. Ṣùgbọ́n ìjókòó ló fi pín irọ́ rẹ̀, kò fi ojú pín in.

"Ilé kan náà lẹ ń gbé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìwọ ní èèyàn mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Òun ní mẹ́ta. Àwọn márùn-ún yòókù ńkọ́?"

Ọmọ náà wo àǹtí rẹ̀, ó rí bí ojú rẹ̀ ṣe rí, àánú rẹ̀ sì ṣe é. Ó ronú díẹ̀.

"Wọ́n ń sùn nígbà tó ń kà wọ́n, mà."

Ó kù díẹ̀ kí èsì yẹn yọ wọ́n. Àmọ́ ìkejì rẹ̀ ti fò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, inú tó ti ń bí i láti ọjọ́ yìí wá bẹ́ síta.

"Mo sọ fún àǹtí pé mẹ́ta kéré. Wọn ò gbọ́."

Ilé dà rú. "Èmi, mẹ́rin ni àǹtí fún mi." "Wọ́n fún mi ní méje, ó ju tìẹ lọ." "Tèmi ni mo kọ́kọ́ há sórí." Kálukú ń fi èyí tí wọ́n fún un yangàn. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Irọ́ ì báà lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, irọ́ ti àǹtí wa kò tilẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu kó wọlé síbẹ̀.

Màmá Onígíláàsì kò pariwo. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Àkókò yín kò tíì tán. Mo ti wo eré. Ẹ̀kọ́ ni mo wá wò."

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ìyá Dátà jẹ́wọ́ fún mi pé òun wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ kan ti fẹ́ máa lọ. Ohun tó dá a dúró ni pé ogún ọmọ ń wo ẹnu rẹ̀, wọn kò sì mọ̀ pé wọ́n ti ṣe nǹkan kan tí kò dára. Òun ló kọ́ wọn.

Ó mú dọ́sítà, ó nu bọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bínú sí mi. Iye tí mo fún yín kì í ṣe tiyín. Mo ṣì yín lọ́nà. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe. Lóòótọ́ lóòótọ́, èèyàn mélòó ló wà nílé yín?"

Ẹ̀kọ́ wá di ẹ̀kọ́. Ọmọ kan fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n máa ka èyí tó ṣì wà níkùn ìyá òun. Òmíràn ní ẹ̀gbọ́n òun ń lọ ń bọ̀, pé ọjọ́ tí wọ́n bá se ẹran ló máa ń wá. Wọ́n jiyàn títí, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹni tó bá sùn nílé mọ́jú ni wọ́n máa kà. Àwọn ìbejì pe márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wá ń jà lórí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Ilé kan náà ni, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ni àǹtí wa kọ ọ́, ó sì fi ilé tirẹ̀ kún un kí ilé lè pé ogún. Ọmọbìnrin oníwà jẹ́jẹ́ ló gbẹ̀yìn. Ó wo bàtà rẹ̀.

"Méjì. Èmi àti ìyá àgbà mi."

Wọ́n rò ó pọ̀, ó jẹ́ àádọ́rùn-ún. Wọ́n pín in sí ogún. Kí ìdáhùn tó jáde ni àǹtí wa ti rí i tó ń bọ̀. Mẹ́rin ààbọ̀.

Ọwọ́ ọmọkùnrin ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ti wà lókè.

"Àǹtí, ta ni ààbọ̀ èèyàn yẹn?"

Ẹ ò rí ayé? Ohun tó ń sá fún láti kékeré ló dúró síwájú rẹ̀ yìí, ó wọ ṣòkòtò péńpé, ó ń dúró dèsì. Ní ẹ̀yìn kíláàsì, Màmá Onígíláàsì ti dá bírò dúró.

"Ìbéèrè tó dára ni," ni Ìyá Dátà wí. "Èmi náà béèrè rẹ̀ nígbà tí mo wà ní irú ọjọ́ orí yín. Mi ò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká jọ wá a."

Ó gbé káàdìbọ́ọ̀dù rẹ̀ tó rẹwà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí àwọn ègé pépà kúrò lára rẹ̀. Ó to márùn-ún sórí tábìlì, ilé àwọn ìbejì. Ó to méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilé ọmọbìnrin oníwà jẹ́jẹ́.

"Bí a bá fẹ́ kí ilé méjèèjì dọ́gba ńkọ́?"

Àwọn ìbejì rọ́ wá síwájú. Wọ́n mú ègé kan níbi márùn-ún, wọ́n fi lé méjì. Ó di mẹ́rin àti mẹ́ta.

"Kò tíì dọ́gba," ni ìbejì obìnrin wí. "Ẹyọ kan ló ń dà á rú."

Ìkejì rẹ̀ mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ẹyọ yẹn sí méjì, ó fi ààbọ̀ síbí, ó fi ààbọ̀ sọ́hùn-ún. Mẹ́ta ààbọ̀, mẹ́ta ààbọ̀. Ó dúró wò ó, ó wá gbójú sókè.

"Àǹtí, pépà la gé. A ò gé èèyàn."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí wa náà rẹ́rìn-ín, omi sì lé ròrò sí i lójú, nítorí ó ti yé e. Kò sí ààbọ̀ èèyàn nílé ẹnikẹ́ni, kò sì sí nígbà kan rí. Iye tí ilé kọ̀ọ̀kan ìbá ní ni, bí gbogbo wọn bá kó èèyàn wọn jọ tí wọ́n sì pín in dọ́gba. Ó sọ ọ́ fún wọn bó ṣe yé e, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Nígbà tí aago lù tí àwọn ọmọ ń jáde, ẹnì kan fa apá aṣọ rẹ̀. Ọmọbìnrin oníwà jẹ́jẹ́ ni.

"Àǹtí, ṣé mo ti dá mẹ́fà yẹn padà nìyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kì í ṣe tìẹ."

"Mo ti sọ wọ́n lórúkọ."

Ìyá Dátà sọ fún mi pé nínú gbogbo ohun tójú òun rí lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ló dun òun jù. Ó ti pín ará ilé fún ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni pín ṣọ́ọ̀kì, kò tilẹ̀ wo ojú ẹni tó ń fún. Ó lóṣòó kó lè kojú rẹ̀.

"Gbọ́ mi. Méjì tìẹ yẹn ló jẹ́ kí ìṣirò wa pé. Bí a bá yọ ìwọ àti ìyá àgbà kúrò, irọ́ ni gbogbo èyí tó kù."

"Àwa méjèèjì?"

"Ẹ̀yin méjèèjì."

Ọmọ náà rò ó wò. Ó ní òun máa sọ fún ìyá àgbà, ó sì sáré jáde, bàtà rẹ̀ ń dún pàkàpàkà lẹ́yìn rẹ̀.

Màmá Onígíláàsì ń dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọge kúnlẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Dìde. Bí mo ṣe fẹ́ ṣe é rèé. Apá àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ, mo fún ọ ní òdo nínú mẹ́wàá. Apá kejì, mo fún ọ ní mẹ́wàá. Bá mi wá àròpín rẹ̀."

Ó rò ó pọ̀, ó pín in. "Márùn-ún, mà."

"Ṣé ó ní ààbọ̀?"

"Kò ní, mà."

"Kí ló túmọ̀ sí?"

"Pé mo yege, mà."

"Pé o já kulẹ̀, o sì tún yege. Má gbàgbé èyí tó ṣáájú." Màmá ti gíláàsì rẹ̀ sókè, ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Wọ́n ń sùn nígbà tó ń kà wọ́n. Ọmọ yẹn máa di lọ́yà."

Nígbà tí wọ́n padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, màmá tún béèrè ìbéèrè rẹ̀ àtijọ́. "Ta ni ẹ̀rù àtikọ́ dátà ń bà?"

Ìyá Dátà gbé ọwọ́ sókè. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti orí ìka tó fi ń pín ọgọ́rùn-ún títí dórí mẹ́ta tó kéré jù, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí àga fi ń mì. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè. Ẹni tó ń wá bírò lọ́jọ́ kìíní gbé tiẹ̀. Ọwọ́ ń yọ káàkiri yàrá.

"Ìyá Dátà," ni màmá wí, "dìde, kí o ka ọwọ́ wọn."

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ láti iwájú, ó sì ń wo ojú ẹni kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń kà á, nítorí kò mọ iye tí yóò bá níbẹ̀.